Aago Wo Ló Sọ Òótọ́?

Ọmọkùnrin tí àbúrò mi obìnrin bí ń fi mọ́tò kó èrò ní Ìbàdàn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń pè é, orí fóònù náà ló ti ń wo ọ̀nà tí yóò gbà. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó wá kí mi. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi gbé fóònù náà lé orí tábìlì bí ẹni gbé ẹ̀rí kalẹ̀ ní kóòtù. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ọ̀gá kan tí mo gbé lánàá sọ pé aago tó wà lójú sánmà máa ń sáré ju ti ilẹ̀ lọ. Ó ní bí wọn ò bá bá a wí, máàpù yìí ò ní mọ ibi tí mo wà. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?”

Mo fi físíìsì jẹun nílé ẹ̀kọ́ gírámà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè tí mo gbọ́ jù ní kíláàsì ni, “Sà, ṣé èyí máa jáde nínú WAEC?” Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú èyí rí. Inú mi dùn débi pé mo ní kí wọ́n gbé mínírà tútù wá fún un, mo sì pa tẹlifíṣọ̀n.

Òótọ́ ni ọ̀gá náà sọ. Àmọ́ kí èèyàn tó mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí aago ń ṣe lójú sánmà ná.

Àwọn sátẹ́láìtì tí fóònù ń tẹ́tí sí, ti Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń pè ní GPS, kò dín ní 24. Wọ́n wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, wọ́n sì ń yí ayé po bí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Iṣẹ́ wọn kò ju ti akéde lọ. Olúkúlùkù ń ké láìsinmi pé, “Ibi tí mo wà rèé, iye tí aago mi lù rèé.” Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fóònù ló ń ké sí sátẹ́láìtì. Kò rí bẹ́ẹ̀, etí nìkan ni fóònù ní nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbọ́ igbe, ó wo aago tó bá igbe náà wá, ó wo ìgbà tí òun gbọ́ ọ, ó sì fi ìyàtọ̀ àárín méjèèjì mọ bí igbe náà ṣe rìn jìnnà tó. Ìgbì rédíò ni igbe ọ̀hún, eré ìmọ́lẹ̀ ló sì ń sá, mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sátẹ́láìtì bá wà lókè orí rẹ gan-an, igbe rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú àáyá. Mẹ́ta nínú wọn ì bá tó láti mọ ibi tí èèyàn wà, ṣùgbọ́n aago pọ́ọ́kú ló wà nínú fóònù, kò ṣe é gbọ́kàn lé. Sátẹ́láìtì kẹrin ló fi ń tún tirẹ̀ ṣe.

Mo mú rúlà ọmọ ọmọ mi, èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo ní kó gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Láàárín ẹyọ kan péré nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ rúlà yẹn dé ìparí rẹ̀. Bí aago bá wá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣì, ìṣirò ti fi mítà 300 ṣì nìyẹn.

Ó wo rúlà náà títí. “Ìyẹn ni pé mo lè wà lẹ́nu géètì oníbàárà, kí wọ́n ní mo ti kọjá sí títì kejì?”

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi aago yẹpẹrẹ ṣeré lókè lọ́hùn-ún. Nǹkan méjì ló sì ń da aago sátẹ́láìtì láàmú, tí ọ̀kan ń fà á sẹ́yìn, tí èkejì ń tì í síwájú: eré tó ń sá, àti gíga tó wà.

Ọ̀rọ̀ eré ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló máa ń tẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì lọ́rùn jù. Jókòó sínú mícrà tó ń lọ, kí o ju ọsàn sókè, kí o sì hán an. Lójú tìrẹ, ọsàn lọ sókè tààrà, ó sì bọ̀ wá sílẹ̀ tààrà. Ṣùgbọ́n ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ń wò ọ́ láti ojú wíńdò, rí i pé ọsàn náà gòkè gẹ̀rẹ́, ó sì sọ̀ gẹ̀rẹ́, torí pé ọkọ̀ ti gbé ẹ̀yin méjèèjì lọ síwájú kó tó padà sọ́wọ́ rẹ. Ọ̀nà tí ìyá yẹn rí gùn ju èyí tí ìwọ rí. Kò dá ìjà sílẹ̀, nítorí ọsàn náà gba ẹ̀yáwó eré lọ́wọ́ ọkọ̀: lójú ìyá oníbọ̀ọ̀lì, ọ̀nà rẹ̀ gùn sí i, eré rẹ̀ náà sì pọ̀ sí i. Àkókò dọ́gba.

Wá mú ọsàn kúrò, kí o fi ìmọ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Gbé dígí kan sílẹ̀ ọkọ̀, gbé òmíràn sí òrùlé rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa ta láàárín wọn, kó sì jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá kan dígí ni aago lù, “kò!” Ọ̀nà tí ìyá oníbọ̀ọ̀lì rí ṣì gùn ju tìrẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kì í gba ẹ̀yáwó eré lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe àbá lásán ni mo ń sọ. Ní 1887, Michelson àti Morley wá ìyàtọ̀ nínú eré ìmọ́lẹ̀ ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi í síwájú, wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́, bákan náà ló ń sáré. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gbìyànjú oríṣiríṣi àwáwí láti fi gba ayé àtijọ́ là. Ní 1905, akọ̀wé kan tí kò ju ẹni ọdún 26 lọ, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ àwọn ohun àṣẹ̀ṣẹ̀hùmọ̀ sílẹ̀ ní Bern, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ní ká kúkú gba ohun tí a rí. Albert Einstein ni. Bí ọ̀nà bá gùn sí i, tí eré kò sì yí padà, ohun kan gbọ́dọ̀ fà. Àkókò ló fà. Lójú ìyá oníbọ̀ọ̀lì, aago inú ọkọ̀ rẹ ń falẹ̀.

Ọmọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Ó yé mi pé aago oní-dígí falẹ̀. Ṣé èmi tí mo wà nínú ọkọ̀ náà falẹ̀ ni?”

Ká sọ òótọ́, ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohun gbogbo tó wà nínú ọkọ̀ ló falẹ̀ pọ̀, títí kan lílù ọkàn rẹ àti bí irùngbọ̀n rẹ ṣe ń hù. Ẹ̀rí rẹ̀ ń gba ara wa kọjá báyìí. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan wà tí à ń pè ní múọ́ọ̀nù, ojú sánmà ni wọ́n ti ń dáyé, ní nǹkan bí kìlómítà 15 sókè. Kì í pẹ́ kí wọ́n tó kú: ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá méjì àti díẹ̀ ni ìpíndọ́gba ẹ̀mí wọn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sá eré ìmọ́lẹ̀ gan-an, wọn ì bá má rìn ju nǹkan bí mítà 660 lọ kí wọ́n tó kú. Síbẹ̀ wọ́n ń dé ilẹ̀, bí ọ̀kan ń gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ní dígí, wọn ò ní bátìrì. Ọjọ́ ayé wọn gan-an ló fà lójú wa.

Sátẹ́láìtì kò sá tó múọ́ọ̀nù. Nǹkan bí kìlómítà 14,000 ló ń sá ní wákàtí kan, ìyẹn sì tó láti jẹ́ kí aago rẹ̀ fi ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá 7 rẹ̀yìn lójúmọ́.

Ti gíga ló le jù. Ní 1915, Einstein fi òòfà ilẹ̀ kún ìṣirò rẹ̀, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni pé bí aago bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó ni yóò ṣe falẹ̀ tó. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà ṣàlàyé rẹ̀ rèé: ẹni tó bá gun Òkè Ìdánrè á mí gúlegúle kó tó dókè, torí òkè ti gba nǹkan lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ń pàdánù agbára bó bá ń gòkè. Kò lè dín eré rẹ̀ kù, nítorí náà iye ìgbà tó ń fì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń dín kù, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa fà sí pupa. Bẹ́ẹ̀, fífì yẹn ni lílù aago. Ẹni tó wà lókè tó ń wo ìsàlẹ̀ yóò rí i pé aago ìsàlẹ̀ ń wọ́. Ní 1960, Pound àti Rebka wọn ìyàtọ̀ yìí nínú ilé gogoro kan ní Yunifásítì Harvard tí gíga ibi tí wọ́n lò níbẹ̀ kò ju mítà 22.5 lọ.

“Ìyẹn ni pé lándílọ́ọ̀dù wa tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń yára darúgbó jù wá lọ?”

Mo mú bírò, a jọ ṣírò rẹ̀. Bó bá fi 80 ọdún gbé lókè yín, tí gíga àárín yín jẹ́ mítà mẹ́ta, ohun tó máa fi jù ọ́ lọ kò pé ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò tó ohun tí òun lè tìtorí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kó dín owó ilé kù.

Sátẹ́láìtì tiwa kò sí lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Níbi tó wà, òòfà ilẹ̀ ti dẹ̀ débi pé aago rẹ̀ ń fi ìdá mílíọ̀nù 45 yára lójúmọ́. Yọ 7 tí eré mú kúrò, ó ku 38. Ìmọ́lẹ̀ lè rin ohun tó lé ní kìlómítà 11 láàárín àkókò yẹn. (Àwọn kan máa ń fi èyí sọ pé máàpù yóò fi kìlómítà 11 ṣìnà lójúmọ́. Àsọdùn díẹ̀ wà níbẹ̀, torí bí gbogbo aago òkè bá sáré bákan náà, fóònù lè ka èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe náà sí àṣìṣe aago tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnjiníà tó jẹ́ fi irú aago bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìtún un ṣe.)

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ètò yìí pàápàá kò fẹnu kò. Nígbà tí wọ́n rán sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tó ní aago sísíọ́ọ̀mù lọ ní 1977, àwọn kan láàárín wọn ò gbà pé ọ̀rọ̀ Einstein kan iṣẹ́ wọn. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ àtúnṣe sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pa á ná. Fún 20 ọjọ́, wọ́n jẹ́ kí aago náà máa sáré bó ṣe fẹ́. Iye tó fi sáré fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ìwé, ìyàtọ̀ náà kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tan ẹ̀rọ àtúnṣe. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ níbí ni wọ́n ti ń dín eré aago kù kí wọ́n tó gbé e lọ, bí òbí tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ òun yá, tó ti kìlọ̀ fún un kó tó jáde nílé. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìyẹn, ní 1971, Hafele àti Keating ti gbé aago irú rẹ̀ mẹ́rin wọ bàálù èrò, wọ́n gbé wọn yí ayé po lápá ìlà oòrùn, wọ́n tún gbé wọn yí i lápá ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé èyí tó dúró sílé, ti ìlà oòrùn ti rẹ̀yìn, ti ìwọ̀ oòrùn ti ṣáájú, bí ìṣirò ṣe wí.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí. Ọ̀kan lára ibi tí ayé ti kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ òòfà yìí wò kò jìnnà sí wa. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 1919, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú, Arthur Eddington wà ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun tó wà ní gúúsù wa níhìn-ín, òjò àti kùrukùru fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Sobral ní Brazil, ojú ọjọ́ tiwọn sì dára jù. Àwòrán ìràwọ̀ tí wọ́n yà fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ bó ṣe ń kọjá lẹ́bàá oòrùn, bí ìṣirò Einstein ṣe wí. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní òòfà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò rí orúkọ Príncipe nínú ìwé kankan tí wọ́n fún wa kọ́ wọn.

Nígbà tí mínírà tán, ó béèrè ohun tí mo ti ń retí: “Aago tó lè mọ ìdá bílíọ̀nù yìí, kí ló ń lù nínú rẹ̀?”

A wá kúrò lọ́dọ̀ ohun ńlá, a bọ́ sọ́dọ̀ ohun kékeré. Aago ara ògiri ní irin tó ń fì lọ fì bọ̀. Bí ooru bá mú, irin náà á gùn sí i, aago á falẹ̀. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè rọ irin méjì tí wọ́n dọ́gba tán. Ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù sísíọ́ọ̀mù irú kan náà kò yàtọ̀ síra rárá, ìbáà jẹ́ ti Ìbàdàn tàbí ti inú ìràwọ̀. Nínú átọ́ọ̀mù, agbára kì í ṣe ohun tí èèyàn lè bù bó ṣe wù ú. Ó dà bí àkàbà: o lè dúró lórí igi kìíní, o lè dúró lórí èkejì, kò sí ìdúró láàárín wọn. Max Planck ló kọ́kọ́ tọ́ka sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Jámánì ní 1900, nígbà tó rí i pé ìṣirò ooru àti ìmọ́lẹ̀ kò bára mu àfi bí agbára bá ń jáde ní ẹyọ ẹyọ. Einstein fi kún un ní 1905 pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ẹyọ ẹyọ ni. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti 1921, kì í ṣe ti aago. Orúkọ tí wọ́n fún ẹyọ náà, kúántọ́ọ̀mù, inú èdè Látìn ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ohun tí à ń béèrè lọ́jà lójoojúmọ́ lọ: èló?

Láti ti átọ́ọ̀mù sísíọ́ọ̀mù láti orí igi kan sí èkejì, ìgbì rédíò tó ń fì ní ìgbà 9,192,631,770 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lo nílò. Bó bá dín díẹ̀, tàbí tó lé díẹ̀, átọ́ọ̀mù ò ní dáhùn. Nítorí náà, ìgbì ni wọ́n ń tún ṣe títí átọ́ọ̀mù fi dáhùn, wọ́n á wá máa ka fífì rẹ̀. Louis Essen àti Jack Parry gbé irú aago yìí dìde ní Teddington, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1955. Ní 1967, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé iye yẹn gan-an ni a ó máa pè ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

“Bó bá ń bọ́ láti orí igi kan sí èkejì, tí kò sí ìdúró láàárín, ibo ló ń gbà?”

Láti fi dá a lóhùn, mo sọ ìtàn Tonomura, onímọ̀ físíìsì kan, fún un. Ní 1989, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ń ta ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù, ẹ̀yà kéékèèké inú átọ́ọ̀mù, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan ti balẹ̀ kí òmíràn tó gbéra, ọ̀nà méjì sì wà tó lè gbà. Bó bá ṣe pé òkúta là ń sọ gba ihò méjì lára ògiri, òkìtì méjì ni ì bá wà lẹ́yìn ògiri. Lójú awò tí wọ́n fi ń gbà wọ́n, ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan fi àmì kan péré sílẹ̀, tó-ó, bí ẹ̀kán omi. Mẹ́wàá, wọ́n fọ́nká. Ọgọ́rùn-ún, kò tíì sí ohun tó nítumọ̀. Nígbà tó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, dúdú, funfun, dúdú, funfun, bí ara àdìrẹ. Irú ìlà bẹ́ẹ̀, ìgbì nìkan ló ń ṣe é, ìgbì tó gba ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dé. Irú àyẹ̀wò yìí náà ló ti hàn pé bí èèyàn bá dọ́gbọ́n mọ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, ìlà á parẹ́. Kì í ṣe pé ojú èèyàn ní agbára kan o. Ohunkóhun tó bá ti gba ipasẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò wò, ó tó.

“Ṣé ó wà níbi méjì ni?” Ohun tí ìṣirò sọ ni bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ká bá a níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún, ìṣirò náà kì í sì í parọ́. Ohun tó ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá a, àwọn onímọ̀ ṣì ń ṣe awuyewuye lé e lórí títí di òní. Einstein kò fẹ́ràn rẹ̀ títí tó fi kú, ó rò pé ìdáhùn kan fara pa mọ́. John Bell dá ọgbọ́n àyẹ̀wò kan ní 1964 láti fi mọ̀, àwọn tó sì ṣe àyẹ̀wò náà, Clauser, Aspect àti Zeilinger, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2022. Irú ìdáhùn pípamọ́ tí Einstein ń retí kò bá àbájáde wọn mu.

Ó wá fi ẹ̀gbà ọrùn kan hàn mí, ẹnì kan ló tà á fún un nínú bọ́ọ̀sì. “Kúántọ́ọ̀mù ni wọ́n pè é, wọ́n ní ó ń wo ẹ̀yìn dídùn.” Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Okùn àti ike ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ láti ìrọ̀lẹ́ ni ìṣirò wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè tún un wọ̀n kó bá iye kan náà. Mo bi í pé èló ló rà á. Ó dákẹ́.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò tíì sọ fún mi. Nínú aago òkè àti ti ilẹ̀, èwo ló sọ òótọ́?”

Mo ní àwọn méjèèjì ni. Ti òkè sọ òótọ́ òkè, ti ilẹ̀ sọ òótọ́ ilẹ̀, kò sí ọba aago kan níbì kan tó lè dájọ́ láàárín wọn. Ó ní ó dún bí ọ̀rọ̀ lọ́yà. Mo ní lọ́yà kò lè sọ iye tí wọ́n máa fi yàtọ̀ síra kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé mi lọ síbi ìsìnkú kan. Fóònù ní ká yà sósì, a yà. Wọ́n ti gbẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà náà fún gọ́tà, òkìtì iyanrìn dí i lágbedeméjì, ewúrẹ́ kan sì dúró lórí rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ sátẹ́láìtì mẹ́rin, ó kéré tán, fóònù mọ ibi tí a wà, kò sì jọ pé ó fi ju mítà mélòó kan ṣì. Ọmọ àbúrò mi yí gíláàsì wálẹ̀, ó kí ìyá oníbọ̀ọ̀lì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo la lè gbà. Ìyá náà kò gbé ojú kúrò lára ẹyín iná. Ó na abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn wa.